Òru ò jẹ́ kí n sinmi: kí lẹ ń ṣe tí ọkàn yín fi ń balẹ̀?

Aránṣọ Ọjà Ọba

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá mi, apá òsì wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì wà. Kí n tó wẹ̀ fún wọn, kí n tó fún wọn lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, aago mẹ́wàá á ti lù. Àwọn oníbàárà ti ń kó aṣọ wọn lọ síbòmíì. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ní ìnáwó lọ́la ò lè dúró dè mí.

Òru ló burú jù. Tí gbogbo ilé bá ti sùn, àyà mi á máa lù kìkìkì, màá máa fetí sílẹ̀ bóyá màmá ṣì ń mí. Wọ́n ní kí n má ronú. Ta ló máa wá bá mi ronú owó oògùn? Mi ò bèèrè bí wàhálà ṣe máa tán. Bí mo ṣe máa lè dúró nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ̀gbọ́n mi. Àyà tó ń lù yẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Tí ẹ̀rù bá ti bani, ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú ọkàn sáré, òun ló ń lé oorun. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú, kí ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Kí ẹ wá rọra mí síta, kí ẹ kà á dé ẹ̀fà. Mímí síta ni kó gùn jù, torí ìgbà yẹn ni ọkàn máa ń dẹwọ́ eré. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Tí kò bá jọ pé ó ṣiṣẹ́ lóru àkọ́kọ́, ẹ má fi sílẹ̀.

Àmọ́ tí oorun ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ má sí láyé mọ́, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ń dùn mí pé a ṣì gbà pé wèrè nìkan ló ń rí dókítà ọpọlọ. Láwọn ọdún 1950 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, ti ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn.

Àgbẹ̀ Ìdànrè

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Àgbàlagbà ni mí, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọdún tí ìyàwó mi kú, òjò pọ̀, kòkó ń dúdú lórí igi. Kí n tiẹ̀ wo oko yẹn, agbára ò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa mú ìlà kan lójúmọ́: kí n já èyí tó ti bàjẹ́ kó má baà ran ìyókù, kí n gbé e jìnnà, kí n máa bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ tí mo bá sunkún, mo ṣì ń mú ìlà kan. Mú aṣọ kan lójúmọ́, ìwọ náà. Kí o sì sọ fáwọn oníbàárà pé ìyá rẹ ò yá. Má fi bò.

Ìyá Ìbejì

Òkè Àró ni mo wà, àǹtí. Mo lè wá jókòó ti màmá lọ́sàn-án Sátidé kí ẹ lè sùn. Mo ti tọ́jú ìyá ọkọ mi rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí wọn padà kí ara wọn má baà dégbò.

Aránṣọ Ọjà Ọba

Ọlọ́run á dúró tì yín. Ìyá Ìbejì, mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Bàbá, ẹ ṣé, ìró àti bùbá oníṣu kan ni mo máa kọ́kọ́ mú. Nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè mí bẹ́ẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀? Tí mo bá dìde, màmá máa ń jí.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó

Ẹ lè ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ rí i pé ikùn ló ń gbé sókè, kì í ṣe èjìká.