Ṣé tẹ́rápì orí fóònù máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà tí mo bímọ

Àbẹ̀kẹ́ Leeds:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nọ́ọ̀sì lọkọ mi, iṣẹ́ ẹ̀ ló gbé wa wá síbí, alẹ́ ló sì máa ń lọ jù. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, níbí inú ilé ni mò ń wà látàárọ̀ dalẹ́, èmi, ọmọ àti ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́mọ. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọmọ ń sùn dáadáa o, èmi ni mo máa ń dìde ṣáá lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Health visitor, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ìyá àti ọmọ nílé, ní kí n forúkọ sílẹ̀ ní Talking Therapies, ìtọ́jú NHS (ìlera ìjọba) tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, pé orí fóònù tàbí fídíò ni wọ́n á ti máa bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní tí social, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, bá gbọ́ wọ́n á wá gbọmọ, àwọn kan ní ó máa ń ba físà jẹ́. Mọ́mì náà á sì gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá ń sọ, ògiri ilé yìí ò nípọn rárá.

Ìyá Ìbejì:
Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Mo ti ṣe é, ó ṣiṣẹ́ fún mi gan-an. Ní England o ò ní láti kọ́kọ́ lọ rí GP, dókítà àdúgbò, ìwọ fúnra ẹ lè kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o ò sì ní san kọ́bọ̀. Wọ́n á bi ẹ́ ní ìbéèrè 7 nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, bóyá o máa ń ronú ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá o lè jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á wá ṣírò ẹ̀ láti 0 dé 21. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ torí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló máa ń tètè dá ìyá ọmọ tuntun lóhùn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní CBT ni wọ́n bá mi ṣe, ìyẹn tẹ́rápì tó ń yí bá a ṣe ń ronú àti bá a ṣe ń ṣe nǹkan padà. Obìnrin tó ń ṣe é fún mi ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀, aago mélòó lẹ̀rù dé, kí lọkàn mi sọ pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ni mo ṣe, kí ló wá padà ṣẹlẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà a wá ń dín yíyẹ̀wò yẹn kù díẹ̀díẹ̀, torí ó ní bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́ gan-an ló ń sọ fún ara mi pé ewu wà. Ó le níbẹ̀rẹ̀ o! Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, inú mọ́tò ni mo máa ń lọ jókòó sí.

Tóyìn RMN:
Àǹtí, nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mí níbí. Kò sẹ́ni tó máa gbọmọ yín torí pé ẹ ní àyà yín ń já. Àṣírí ni wọ́n ń fi ṣe, àfi tí ẹ̀mí yín tàbí tọmọ bá wà nínú ewu ni wọ́n á sọ fún ẹlòmíì, tẹ́rápì ò sì ń ba físà jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fowó yín wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, ẹ wo orúkọ ẹ̀ nínú ìwé BACP (ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ tẹ́rápì) tàbí HCPC (àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bí onímọ̀ ìrònú sílẹ̀) kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ẹnikẹ́ni ló lè pe ara ẹ̀ ní therapist nílùú yìí.

Adùkẹ́ Abẹ́òkúta:
Mo rò pé kó sọ fún Mọ́mì. Nígbà tí Dókítà Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ṣebí àwọn ẹbí ló ń bá aláìsàn gbé láwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Ìtọ́jú tó gba ẹbí mọ́ra nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Adùkẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ kó kọ́kọ́ sọ fọ́kọ ẹ̀ ná. Ìyá ọkọ míì tó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ó di "ìyàwó ọmọ mi ń lọ sí Àrò" nìyẹn, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Leeds:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé mo lè ní kó jẹ́ obìnrin ni wọ́n á fi ṣe tẹ́rápì fún mi?

Tóyìn RMN:
Ẹ sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, tó bá ṣe é ṣe wọ́n á wá a fún yín. Tó bá wá dòru tí nǹkan ò dáa rárá, ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́rápì, ẹ pe 111, nọ́ńbà NHS, kẹ́ ẹ tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ.