"Ìkànmọ́" kọ́: ẹ jẹ́ ká pè é ní òṣùká àti ọ̀já

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ló ń kọ ìwé atọ́nà fún àwọn tó fẹ́ gbé sílíńdà gáàsì propane kékeré sára jíìpù tó ń gba ọ̀nà gbágungbàgun, tàbí sára ọkọ̀ kékeré tí jíìpù ń fà, láìná owó gọbọi. Ó ní ká bá òun wá orúkọ Yorùbá fún ohun tó ń gbé sílíńdà náà dúró. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìkànmọ́", ọ̀pọ̀ sì ti gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn, torí ọ̀rọ̀ yìí lè kó ẹni tó bá kà á sí wàhálà.

Bí a bá ti gbọ́ "kàn mọ́", ìṣó ló ń wá sí wa lọ́kàn. Pátákó tí a kàn mọ́ ògiri, a ti lu ihò sí i lára, a ò sì retí pé kó kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó bá yín kan sílíńdà mọ́ ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi fẹ́ jó etí irin mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. A kì í lu ihò sára sílíńdà, a kì í jó ohunkóhun mọ́ ọn, ì báà jẹ́ pé gáàsì inú rẹ̀ ti tán. Iná wẹ́dà ń sọ irin di ọ̀lẹ níbi tó bá ti kàn án, irin yẹn ló sì ń dá gáàsì dúró. Ní ọjọ́ tí ooru bá tó ìwọ̀n 38 ti Celsius, agbára tí propane fi ń ti sílíńdà láti inú ju ìlọ́po 4 ti afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lọ.

Àbúrò wa kan ti sọ "òṣùká" lọ́jọ́ kan, a sì fò ó dá bí ẹni pé kò sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, òun ló mọ ohun tí a ń wá. Sílíńdà kékeré ní òrùka irin nídìí, òun ló fi ń dúró. Iṣẹ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́wọ́ jù ni kí wọ́n gé páìpù irin ní kúkúrú, èyí tó fẹ̀ ju òrùka ìdí yẹn lọ díẹ̀, kí wọ́n jó o mọ́ orí awẹ́ irin pẹlẹbẹ, kí wọ́n wá fi bóòtù di irin pẹlẹbẹ náà mọ́ ọkọ̀. Wọ́n á gé túùbù táyà àlòkù tẹ́ sínú rẹ̀, kí irin má baà máa họ irin. Sílíńdà á jókòó sínú rẹ̀ pẹ́kí. Ọkọ̀ ni ihò wà lára rẹ̀, sílíńdà ò ní àpá kankan. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ òṣùká gan-an nìyẹn? Ó ń fún ẹrù ní ìjókòó kó má baà yí, ẹrù ò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìjókòó nìkan ò tó, nítorí ọ̀nà gbágungbàgun á ju sílíńdà sókè. Ibẹ̀ ni "ọ̀já" ti wọlé. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ní ìdè onírin, èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń fún ẹrù pinpin, ni wọ́n ń lò: ọ̀kan lábẹ́ èjìká sílíńdà, ọ̀kan lágbedeméjì, kí méjèèjì so mọ́ irin ọkọ̀ gidi. Ẹ má jẹ́ kí a kọ "okùn" síbẹ̀ o. Okùn á dẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń mì.

Ẹnì kan ti ní orí èèyàn ni òṣùká ń wà, pé kò bá irin mu. Ọkọ̀ ńkọ́? Orí omi ló wà kí a tó fi orúkọ rẹ̀ pe mọ́tò, títí dórí ọkọ̀ òfúrufú.

Àwọn tó fẹ́ "àgbékọ́" náà, mo bẹ̀ yín. Ohun tí a gbé kọ́ lè fì, ó lè dábùú, sílíńdà tí a ṣe fún ìdúró ò sì gbọ́dọ̀ dábùú. Omi ni propane inú rẹ̀, ìwọ̀nba èyí tó di gáàsì ló wà lókè, nítòsí ẹnu. Wọn kì í rọ ọ́ kọjá ìdá 80 nínú 100, kí omi náà lè ráyè wú bí ooru bá mú. Bí sílíńdà bá dùbúlẹ̀, omi yẹn ni yóò gba ẹnu jáde lọ sínú rẹ́gúlétọ̀, lítà kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bí lítà 270 gáàsì. "Òṣùká" ti sọ fún òǹkàwé pé ìdí ló ń wà nílẹ̀.

Lórí "táǹkì" àti "sílíńdà", ẹ má jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de táǹkì tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ pátápátá yàtọ̀ sí ti sílíńdà tí wọ́n ń yọ lọ rọ gáàsì. Ẹni tó bá ka "táǹkì" á rò pé kò ṣeé yọ.

"Tírélà" náà ò ṣeé lò fún ọkọ̀ kékeré tí jíìpù ń fà. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Mo fara mọ́ "àsofà" tí ẹnì kan dá, kí a sì máa pe irin gígùn iwájú rẹ̀, tó so ó mọ́ jíìpù, ní "ọrùn àsofà". Orí ọrùn yẹn gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbé sílíńdà sí, níta gbangba, níbi tó jìnnà sí èéfín ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé náà ní bí sílíńdà bá wà nínú àpótí, kí àpótí ní "fèrèsé". Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ "ihò ìsàlẹ̀". Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bó bá jò, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ẹni tó bá ka fèrèsé, òkè ni yóò gbé e sí, gáàsì á sì máa kún nídìí àpótí láìrí ọ̀nà jáde.

Ó ku fáàfù kékeré tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí agbára inú sílíńdà bá pọ̀ jù. Àwọn kan ní "fáàfù ààbò", ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé ó ń tú gáàsì síta, pé a ò gbọ́dọ̀ dí i, pé a ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀já bò ó. Mo ń rò ó bóyá "imú sílíńdà" á gbà, níwọ̀n ìgbà tí a ti ní ẹnu, èjìká àti ìdí. Kí lẹ rí sí i?