Mo fẹ́ sọ HTML mi di theme WordPress: CSS kò wọlé, gbogbo ojú-ìwé sì rí bákan náà

Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Mo fi HTML (kóòdù tó ń to ojú-ìwé) àti CSS (èyí tó ń fún un ní àwọ̀ àti ìrísí) kọ ìkànnì kan. Ó ní orí òkè tí orúkọ ìkànnì wà, ó ní menu, àyè àpilẹ̀kọ àti ìsàlẹ̀. Tí mo bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo wá fẹ́ kí ó di theme (àkójọ fáìlì tó ń pinnu ìrísí ìkànnì) lórí WordPress, ètò tí wọ́n fi ń darí ìkànnì, kí ẹni tí yóò máa lò ó lè máa kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìfọwọ́ kan kóòdù. Mo ṣẹ̀dá fódà sínú wp-content/themes, mo sọ index.html di index.php, mo kó style.css sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì tẹ Activate.

Ọ̀rọ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ kankan, gbogbo rẹ̀ kàn tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà dúdú tó máa ń wà lókè fún ẹni tó bá ti wọlé kò sí mọ́. Ojú-ìwé yòówù kí n tẹ̀, ohun kan náà ni mò ń rí. Plugin kan (àfikún tó ń fún WordPress ní iṣẹ́ tuntun) tí mo fi sí i náà ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Àbí kí n da èyí nù, kí n lọ gbé theme ẹlòmíràn?

ỌmọPHP:

Àbúrò, má dà á nù. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yìí, ibì kan náà ni wọ́n ti wá: ojú-ìwé rẹ kò tíì bá WordPress sọ̀rọ̀ rárá. O gbé HTML síbẹ̀, WordPress sì gbé e jáde bó ṣe bá a. Kò síbi tí o ti ní kó mú ohunkóhun wá láti inú database, ibi tí àpilẹ̀kọ wà ní ìpamọ́.

Ká mú ti CSS ṣáájú. Ó dájú pé href="style.css" ló wà nínú HTML rẹ. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ, inú fódà kan náà ni fáìlì méjèèjì wà, browser sì rí i. Lórí WordPress, àdírẹ́sì ojú-ìwé tí ènìyàn ń wò ni browser máa fi wá a, kì í ṣe fódà theme rẹ. Ó wá a, kò bá a. Yọ ìlà yẹn kúrò, ṣẹ̀dá functions.php, kí o sì kọ èyí sínú rẹ̀:

```
<?php
add_action( 'wp_enqueue_scripts', function () {
    wp_enqueue_style( 'theme-mi', get_stylesheet_uri() );
} );
```

Má kọ ?> sí ìparí functions.php o. Ìlà òfìfo kan tó bá wà lẹ́yìn àmì yẹn tó láti mú kí WordPress máa pariwo "headers already sent", wàá sì máa wá ohun tí ojú ò rí kiri. Àwòrán tó jẹ́ ti theme náà, get_theme_file_uri ni kí o fi pè é.

Ṣùgbọ́n kóòdù òkè yìí kò ní ṣe nǹkan kan tí wp_head kò bá sí níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú theme. wp_head máa ń wà ṣáájú </head>. wp_body_open máa ń tẹ̀ lé <body> lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. wp_footer máa ń wà ṣáájú </body>. Ibẹ̀ ni WordPress àti gbogbo plugin ń gbà wọlé. CSS tí o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa gba wp_head. Ìlà dúdú òkè máa gba wp_body_open, tí ìyẹn ò bá sí, á gba wp_footer. JavaScript tí ọ̀pọ̀ plugin ń lò, wp_footer ló ń gbà. O ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, kò sì sí èyí tó rí ọ̀nà wọlé. Mo máa ń rí theme tí wọ́n ń tà lówó gọbọi tí kò ní wp_body_open, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹni tó rà á ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Wàyí o, gé HTML rẹ sí mẹ́ta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí menu parí, kó o sínú header.php. Ìsàlẹ̀ lọ sínú footer.php. Àárín nìkan ni kó kù nínú index.php:

```
<?php get_header(); ?>
<main>
<?php while ( have_posts() ) : the_post(); ?>
  <article <?php post_class(); ?>>
    <h2><a href="<?php the_permalink(); ?>"><?php the_title(); ?></a></h2>
    <?php the_content(); ?>
  </article>
<?php endwhile; ?>
</main>
<?php get_footer(); ?>
```

Kí WordPress tó ṣí index.php rẹ, ó ti ka àdírẹ́sì tí ènìyàn tẹ̀, ó sì ti lọ kó ohun tó bá a mu wá láti inú database. have_posts ń béèrè bóyá ó ku nǹkan nílẹ̀, the_post ń mú èyí tó kàn. Ìdí nìyẹn tí fáìlì kan yìí fi lè gbé àpilẹ̀kọ mẹ́wàá jáde lójú-ìwé àkọ́kọ́, kó sì gbé ẹyọ kan jáde níbòmíràn. Tìrẹ kò yí padà torí pé ọ̀rọ̀ tí o fọwọ́ ara rẹ kọ ló wà níbẹ̀.

Má ì tíì ṣẹ̀dá fáìlì rẹpẹtẹ. Fáìlì style.css àti index.php nìkan ni irú theme yìí ò lè ṣe aláìní. Tó bá yá, tí o bá fẹ́ kí àpilẹ̀kọ ẹyọ kan yàtọ̀, ṣẹ̀dá single.php, page.php fún ojú-ìwé, 404.php fún ohun tí a kò rí. Èyí tí WordPress ò bá bá, index.php ló máa padà sí.

Adérónkẹ́_Wẹ́ẹ̀bù:

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Àbúrò, tó bá yá, wàá rí i pé functions.php gba gbogbo nǹkan, ọwọ́ rẹ á sì fẹ́ máa kó o síbẹ̀. Ohun tó kan ìrísí nìkan ni kó wà níbẹ̀. Ká ní o forúkọ irú àkóónú tuntun kan sílẹ̀ nínú theme, bí "ìwé" tàbí "ètò", tí oníkànnì sì pa theme dà lẹ́yìn náà: gbogbo ohun tó ti kọ ṣì wà nínú database, àmọ́ kò ní rí wọn mọ́ lórí dashboard, ibi tó ti ń darí ìkànnì rẹ̀. Àyà rẹ̀ á já. Inú plugin kékeré kan ni kí irú ìyẹn wà.

Ọ̀nà kejì tún wà. Láti ìgbà tí WordPress 5.9 ti jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022, o lè kọ block theme, irú theme tí a fi block, ìyẹn ègé-ègé àkóónú, tò pọ̀: templates/index.html dípò index.php, kí àwọ̀ àti fọ́ǹtì sì wà nínú theme.json. Tí ẹni tí yóò lò ó bá fẹ́ máa yí orí òkè àti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni mo fọwọ́ sí. Àmọ́ ìwọ tí HTML rẹ ti wà nílẹ̀, parí ti ọ̀gá yìí ná.

Tí ọ̀rọ̀ tó máa wà níbẹ̀ bá ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ bíi tiwa yìí, má fún line-height (àyè tí CSS ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan) pa, kí àmì òkè ìlà kan má baà gun ìsàlẹ̀ ìlà tó wà lórí rẹ̀.

Jumoola:

Lórí Joomla, ètò ìdarí ìkànnì mìíràn, irú èrò yìí náà ni. templateDetails.xml ló ń sọ orúkọ template (bíi theme níbí) àti àwọn ipò tí module, ìyẹn ègé àkóónú kéékèèké, lè jókòó sí, index.php sì máa ń fi jdoc:include pe àkóónú wá síbi tí o bá fẹ́. Tó bá yé ọ níbí, wàá mọ ọ̀nà rẹ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Kóòdù:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. CSS ti wọlé, ìlà dúdú ti padà, àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan sì ti ń ṣí lọ́tọ̀. Ó ku menu: èyí tí mo fọwọ́ kọ sínú header.php náà ló ṣì wà níbẹ̀, oníkànnì ò sì lè yí i padà.

ỌmọPHP:

O káre. Nínú functions.php, pe register_nav_menus láti inú after_setup_theme (àsìkò tí WordPress bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé theme wọlé), kí o fún àyè náà lórúkọ, bíi 'oke'. Nínú header.php, pa ìlà menu tí o fọwọ́ kọ rẹ́, kí o fi èyí rọ́pò rẹ̀:

```
<?php wp_nav_menu( array(
  'theme_location' => 'oke',
  'fallback_cb'    => false,
) ); ?>
```

Má yọ fallback_cb yẹn. Tí kò bá sí níbẹ̀, tí oníkànnì ò sì tíì yan menu kankan, gbogbo ojú-ìwé tó wà lórí ìkànnì ni WordPress máa tò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Appearance, Menus ni kó lọ, kó yan 'oke'.