Ajá gé mi jẹ, nọ́ọ̀sì gbọ́ pé ó nà mí

Àkànjí:
Ẹ̀yin tí Gẹ̀ẹ́sì eyín ti dójú tì rí, ẹ wá bá mi dá sí i. Ajá kan gé mi jẹ lẹ́sẹ̀, mo tiro dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí ló ṣe mí, mo ní "A dog bit me." Àmọ́ ẹnu mi fa "i" yẹn gùn, "beat" ló gbọ́. Ó ní kí ni ajá fi nà mí? Mo ní kí n lo "bitten" kó lè yé e, ìyẹn náà tún di "beaten." Ajá ti nà mí lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ìgbà tí mo ká ṣòkòtò sókè, tó rí ojú eyín mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀, ni ẹ̀rín tó pa lẹ́nu ẹ̀. Ọṣẹ àti omi ló fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko kó tó wá kan abẹ́rẹ́ àrùn ajá dìgbòlugi.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o, Àkànjí. Tèmi ò dé ilé ìwòsàn. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi òyìnbó pé "Mosquitoes ate me all night." Ó ní ta ló wá ń kọ lẹ́tà? Yorùbá ni mo kàn túmọ̀. Àwa ní ẹ̀fọn ń jẹni, ejò ń buni ṣán, ajá ń géni jẹ. Tiwọn, "bite" kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ má tíì bú wọn. Ẹni tó ń géni jẹ ni wọn ò yà sọ́tọ̀. Bí eyín ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n yà. Eku tó ń fi eyín iwájú bu etí búrẹ́dì díẹ̀díẹ̀, "nibble" nìyẹn. Ajá tó dùbúlẹ̀ ti eegun, tó ń fi eyín ha á láti àárọ̀ tí kò já, "gnaw" ni. Ẹ má pe "g" yẹn o! Èmi pè é níwájú kíláàsì, ọmọ kékeré kan ló tún mi ṣe. Erìgì, eyín ẹ̀yìn tó ń lọ oúnjẹ, ló ń ṣe "chew." "Crunch" ní tiẹ̀, etí lẹ fi ń mọ̀ ọ́n, bí ẹni ń rún nǹkan wómúwómú.

Adé:
Ọ̀gá mi sọ níbi ìpàdé pé òun ní láti "bite my tongue." Mo lọ bá a lẹ́yìn ìpàdé, mo kí i pẹ̀lẹ́, mo ní kó fi omi iyọ̀ yọnu. Ó wò mí sùn-ùn. Àṣé ọ̀rọ̀ ló gbé mì, èmi gan-an ló sì fẹ́ sọ ọ́ sí! Mo gé ìka àbámọ̀ jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Àkànjí, má dára ẹ lẹ́bi jù. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà gan-an sá fún "bit," ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù nínú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1956, Werner Buchholz ti IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ń wá orúkọ fún àkójọ "bit," ó mú ọ̀rọ̀ "bite," ó fi "y" rọ́pò "i," ó di "byte," kí wọ́n má baà ṣì í kọ ní "bit."

Àkànjí:
Ọ̀la ni abẹ́rẹ́ kejì. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, n ò ní la ẹnu.