Èsì: Ta ló fi àmì òkè sórí "fi"? (afínáfò, ìrọ̀run àti ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o.

Mo ka ìròyìn tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham, ní London, túmọ̀ fún wa, lórí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì: SpaceX, Blue Origin àti Rocket Lab. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ẹni tó bá ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ gún mi lójú: afínáfò fún ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ìrọ̀run fún ìrìnàjò ọ̀hún fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó dáhùn ló kàn ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ". Kò sẹ́ni tó yẹ àmì ohùn wò.

Ẹ jẹ́ ká mú afínáfò ná. Ohùn àárín ni "fi". Ohùn àárín náà ni "iná" fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pa fáwẹ̀lì kan jẹ láàárín wọn, "finá" ló máa kù. À ń finá sun iṣu, a kì í "fíná" sun iṣu. Níbo wá ni àmì òkè orí "fí" ti wá? Àbí "afínjú" ló ń gbé ẹ̀gbọ́n wa lọ? Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé nǹkan kékeré ni. Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó wọ ọkọ́ lọ sí Èkó.

Ká tilẹ̀ tún un kọ sí afináfò. "Iná" fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì Merlin mẹ́sàn-án ló wà nídìí Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX, kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi ni wọ́n ń jó, iná wà níbẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n àwọn sátẹ́láìtì íńtánẹ́ẹ̀tì Starlink tí ẹ̀yin náà ń rí àwo rẹ̀ lórí òrùlé káàkiri Nàìjíríà láti 2023, ẹ́ńjìnnì tiwọn kò dáná kankan. Agbára oòrùn ni wọ́n ń lò láti fi ti gáàsì krypton tàbí argon jáde lẹ́yìn, ohun tó ń jáde yẹn ló sì ń tì wọ́n síwájú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fò dìde pé iná mànàmáná náà iná ni, iná kan náà tí NEPA ń mú lọ. Mo gbà. Ẹ́ńjìnnì Rutherford ti Rocket Lab, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New Zealand, bátìrì ló ń yí páǹpù tó ń ti epo sínú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ibẹ̀ là ń lọ, fáànù pálọ̀ mi náà ń finá ṣiṣẹ́, kò sì tíì kúrò lójú kan. Ohun tó ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ni ohun tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, àti bó ṣe ń sáré jáde tó.

"Fò" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹyẹ ń fò, afẹ́fẹ́ ló gbé ìyẹ́ rẹ̀ ró. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lọ síbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání.

Ìrọ̀run ló wá bí mi nínú jù. Re ọ̀run, rọ̀run, ìrọ̀run: ìhun rẹ̀ gún, mi ò lè bá wọn jà níbẹ̀. Ẹ kàn fi àmì ìsàlẹ̀ sórí "u" ìparí, ó ti di ìrọ̀rùn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 1 ti SpaceX kùnà kó tó dé ojú ọ̀nà rẹ̀ yípo ayé ní oṣù Kẹsàn-án 2008. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ ohùn ni mo gbé wá síbí. Ẹni tó bá ti rọ̀run lédè Yorùbá, òkú ni. Ọ̀run àrèmábọ̀ là ń wí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àbọ̀ gan-an ni àwọn aládàáni wọ̀nyí fi ta yọ. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ Space Shuttle ìjọba Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ láti 1981 di 2011, ẹ má wulẹ̀ rán mi létí. Ṣùgbọ́n ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ẹrù lọ sí ojú ọ̀nà yípo ayé, tó tún wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀ lóròó, ti Falcon 9 ní Cape Canaveral ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2015 la kọ́kọ́ rí. Ní oṣù Kẹta 2017, wọ́n rán èyí tó ti lọ rí padà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2024 ní Texas, Super Heavy, ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá SpaceX, ẹlẹ́ńjìnnì 33, ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ẹ́ńjìnnì díẹ̀ péré ló ń jó nídìí rẹ̀, ló bá rọra sún wọ àárín apá irin méjì tó yọ lára òpó gíga tí wọ́n ti rán an lọ, apá náà sì hán an. Ó hán an o! Ọ̀rọ̀ tó bá a mu wẹ́kú ti wà lẹ́nu àwọn ọmọdé tó ń ju àgbálùmọ̀ síra wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú ìtumọ̀ yẹn. "Gbà á mú" ni wọ́n kọ.

Ẹ tún wo ti ilé wa. Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, Falcon 9 ló gbé e lọ ní oṣù Kẹfà 2017, nínú ọkọ̀ Dragon tó ti lọ rí ní 2014 tó sì padà wálé. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún àwọn ará Àkúrẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti rọ̀run? "Ìrìnàjò gbalasa òfuurufú" wà nílẹ̀ tí àwọn oníròyìn wa ń lò. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàálù ti di ọmọ ilé, a ò bi í ní ìran rẹ̀ mọ́. Inú ẹ̀rọ ló yẹ ká wọ̀, torí alágbẹ̀dẹ ti sọ gbogbo ibẹ̀ lórúkọ. Bàbá tó bí bàbá mi rọ irin ní Ọ̀yọ́. Àwa ọmọdé la máa ń fẹ́ná. Ẹwìrì méjì ni, tí wọ́n fi awọ bò, igi kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Bí tọ̀tún bá ti ń lọ sílẹ̀ ni tòsì ń gòkè, kí atẹ́gùn má baà já. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe àṣìṣe, igbe bàbá ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ wá wo ẹ́ńjìnnì Raptor tó wà nídìí Super Heavy: páǹpù méjì ló ní, ọ̀kan fún ọ́síjìn, èkejì fún mẹ́tẹ́ènì tó jẹ́ ohun jíjó rẹ̀, iná kékeré tirẹ̀ ló ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ohun tó bá sì ti yí wọn ló tún ń já sínú iná ńlá. Merlin kò rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń da gáàsì tó yí páǹpù rẹ̀ nù síta ni. Kí ló dé tí a ò lè pe páǹpù yẹn ní ẹwìrì? Ibi tí ohun jíjó àti ọ́síjìn ti pàdé, ìléru. Ibi tí ó ti ń tú jáde, ẹnu ìléru. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì BE-4, méje rẹ̀ tó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì New Glenn ti Blue Origin lọ ní oṣù Kìíní 2025, ọ̀rọ̀ kan náà la máa lò, a ò ní máa dá òmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ kò bá sáyẹ́ǹsì mu, pé ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi kọ́ni ní èdè. Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Páǹpù tí òyìnbó ń wí, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fa omi kànga náà ni?

Bùrọ̀dá tó wà ní Ìbàdàn ní bí òun bá ti gbọ́ ìléru, Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò ló ń wá sí òun lọ́kàn. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ìléru. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló bá a nílẹ̀.

Ẹni tó sì ní ká yọ "sánmà" kúrò nínú àtòkọ ọ̀rọ̀ wa torí pé Lárúbáwá ló ni ín, mo rí i pé "àlàáfíà" àti "àdúrà" ló fi parí lẹ́tà rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.