Àbúrò mi ní òun ò bá mi wo fíìmù akọni mọ́. Ṣé kí n máa panu mọ́ ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Admin, ẹ ṣeun tí ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé.

Kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán, ni mo fi dàgbà. Superman, Batman, Spider-Man, X-Men, kò sí èyí tí n ò kà níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ò ka ìkankan rí ní tiẹ̀. Fíìmù nìkan ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú: ẹ dá a lẹ́nu, á to gbogbo fíìmù Marvel fún yín ní ẹsẹẹsẹ, látorí Iron Man ti 2008. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bá a bá ti jókòó ti fíìmù pọ̀, ẹnu mi kì í dákẹ́.

Thanos, ọ̀tá ńlá inú fíìmù Marvel, ló dá ìjà tó kẹ́yìn sílẹ̀ láàárín wa. Àbúrò mi ń sọ pé Thanos yẹn lẹ́jọ́ láti rò, pé ìyà tó jẹ ìlú rẹ̀ ló jẹ́ kó ní kí ìdajì ẹ̀dá alààyè pòórá, kí ohun tó wà nílẹ̀ lè ká àwọn tó kù. Mo ní irọ́ ni. Nínú kọ́míìkì The Infinity Gauntlet tí Jim Starlin kọ ní 1991, obìnrin ni Thanos ń wá! Ikú fúnra rẹ̀ ni obìnrin náà. Ó dúró síbẹ̀, kò dá a lóhùn, Thanos sì pa ìdajì ayé láti fi wú u lórí. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, àbúrò mi dìde. Ó ní mo ti ba fíìmù náà jẹ́ fún òun, òun ò sì tún bá mi wo ìkankan mọ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n máa panu mọ́ ni, àbí kí n wá kọ́míìkì fún un kó lè rí ohun tí mò ń sọ? Bó bá jẹ́ ti kọ́míìkì, èwo ni kó kọ́kọ́ kà? Ẹ má bú mi o, mi ò kórìíra fíìmù. Superman ti 1978, tí Christopher Reeve ṣe, mo lè wò ó lónìí kí n tún wò ó lọ́la. Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n mú akọni tàbí ọ̀tá rẹ̀, kí wọ́n wá yọ ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe dànù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ wo fíìmù ẹ̀. Bí ọkọ mi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. "Kì í ṣe bó ṣe rí nínú ìwé nìyí." Ta ló bi í?

Akàwé-lóru: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú ìwé ni gbogbo nǹkan ti ṣẹ̀. Superman tí Jerry Siegel àti Joe Shuster gbé jáde nínú Action Comics àkọ́kọ́ ní 1938 ò lè fò bí ẹyẹ. Ńṣe ló ń tọ láti orí ilé kan dé orí òmíràn. Àwọn Fleischer tó ṣe fíìmù àwòrán rẹ̀ ní 1941 ni wọ́n jẹ́ kó máa fò, torí títọ yẹn ò wuyì lójú àwòrán tó ń rìn. Kryptonite tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára, orí rédíò ló ti jáde ní 1943. Harley Quinn ò sí nínú kọ́míìkì kankan títí Paul Dini àti Bruce Timm fi dá a sílẹ̀ fún eré àwòrán Batman orí tẹlifíṣọ̀n ní 1992. Nick Fury, ọ̀gá àwọn amí nínú ìtàn Marvel, ńkọ́? Ojú Samuel L. Jackson ni wọ́n yà fún un nínú kọ́míìkì The Ultimates ní 2002, ọdún mẹ́fà kí Jackson fúnra rẹ̀ tó wá ṣe é nínú fíìmù.

Lórí Thanos, ẹ̀yìn àbúrò yín ni mo wà. Ẹni tó ń pa ayé torí obìnrin tí ò wojú ẹ̀, ó dùn ún kà. Kí èèyàn wá jókòó wo ìyẹn fún wákàtí méjì ààbọ̀? Ẹ ò ní bẹ̀rù ẹ̀. Ti fíìmù bà mí lẹ́rù torí ó dá a lójú pé àánú lòun ń ṣe.

Bọ̀dá Pánẹ́ẹ̀lì: Àánú wo? Ẹni tí gbogbo òkúta agbára, tó lè fi ṣe ohunkóhun tó bá wù ú, wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló dé tí kò bù sí oúnjẹ? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibì kan fún yín. The Amazing Spider-Man 121, ọdún 1973. Green Goblin, ọ̀tá Spider-Man, ti Gwen Stacy bọ́ láti orí afárá. Spider-Man ta okùn, okùn náà mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọmọbìnrin náà, wọ́n kọ "SNAP" kékeré kan, ìró ohun tó ṣẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú ò ní rí i. Ẹni tó bá rí i á padà sẹ́yìn, á tún un wò, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ léèrè: ṣé ìṣubú ló pa á ni, àbí okùn tí olólùfẹ́ rẹ̀ fi fẹ́ gbà á là? Kò sẹ́ni tó ń lé e. Ó lè jókòó ti ojú ewé yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fíìmù Spider-Man ti 2014 gbé e lọ sínú ilé aago. Wọ́n ṣe é dáadáa, mo sunkún, àmọ́ ó ti kọjá kí n tó mọ̀, olùdarí ló sì yan ibi tí ojú mi á wò. Àlàfo tó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì nínú kọ́míìkì, òǹkàwé ló ń fi ọkàn rẹ̀ dí i. Ìyẹn ni àbúrò yín ò tíì tọ́ wò.

Torí náà, ẹ má gbé The Infinity Gauntlet fún un. Èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìwé náà á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti ka gbogbo ohun tó ṣáájú. All-Star Superman ti Grant Morrison àti Frank Quitely ni kẹ́ ẹ fún un. Apá méjìlá péré, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì parí. Ojú ewé àkọ́kọ́: àwòrán mẹ́rin, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́jọ, ìtàn bí Superman ṣe dé ayé ti tán. Ẹ kàn wo ojú ẹ̀ nígbà tó bá ṣí i.

Sọ-ó-kó-yé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bú olùdarí, lọ́yà ni kẹ́ ẹ bú. Gbèsè mu Marvel débi tí wọ́n fi sá lọ sílé ẹjọ́ ní 1996. Ẹ̀tọ́ fíìmù X-Men àti Fantastic Four wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fíìmù Fox nígbà yẹn, ti Spider-Man bọ́ sọ́wọ́ Sony. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe fíìmù Civil War ti 2016, níbi tí àwọn akọni ti ń bá ara wọn jà, ọ̀pọ̀ àwọn tó jà nínú kọ́míìkì 2006 ò sí nílé. Spider-Man pàápàá, àdéhùn 2015 pẹ̀lú Sony ló gbé e wọlé.

Nínú ìwé, òfin ló dá ogun yẹn sílẹ̀: kí akọni lọ fi orúkọ àbísọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi bù máṣọ nígbà tí Spider-Man ṣí ìbòjú níwájú àwọn oníròyìn. Nínú fíìmù, ta ló ń bojú? Tony Stark ti sọ fún gbogbo ayé láti 2008 pé òun ni Iron Man. Ẹjọ́ orúkọ ò lè dúró níbẹ̀, ni wọ́n bá gbé ìjà náà ka Bucky, ọ̀rẹ́ Captain America, lórí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ti lọ́yà yẹn, mi ò fi ojú yẹn wò ó rí. Akàwé-lóru, mi ò tíì gbà fún ẹ lórí Thanos o. All-Star Superman ni màá gbé fún un. Bó bá kà á tán ńkọ́? Mo ti ń ro Watchmen.

Akàwé-lóru: Ẹ jẹ́ kó ka díẹ̀ sí i ná. Àwọn akọni tó ti wà nílẹ̀ ni Alan Moore àti Dave Gibbons ń dá lẹ́jọ́ níbẹ̀, kò sì ní dùn mọ́ ẹni tí ò mọ̀ wọ́n. Àmọ́ bó bá tó àkókò, kí ìwé ṣáájú. (Ẹni tí ò tíì kà á, kó má ka èyí o.) Fíìmù 2009 yí ìparí rẹ̀ padà: ẹranko abàmì ọlọ́wọ́ jàǹrànjanran tó bọ́ sí New York nínú ìwé ò sí níbẹ̀, Dr. Manhattan, akọni alágbára jù lọ inú ìtàn náà, ni wọ́n di ẹ̀sùn lé lórí. Eré HBO ti 2019 wá tẹ̀lé ìwé, kò tẹ̀lé fíìmù. Ní apá àkọ́kọ́ gan-an, àwọn ẹranko omi kéékèèké tó jọ ti inú ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ojú ọ̀run, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń nù wọ́n kúrò lára mọ́tò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ fíìmù nìkan ló mọ̀, á dá eré dúró, á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. Ìgbà yẹn lẹ wá lè sọ̀rọ̀.