Ta ni ìwé gbélé-ẹ ń bá jù nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọmọdé ni àbí àgbà?

Ọmọ Ajíkòbi:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti gbogbo gúúsù Kwara. Àbúrò mi ti parí àgùnbánirọ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, kò rí ẹni gbà á. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 44 náà tún gba ìwé gbélé-ẹ. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wà báyìí, ínfátà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ni kó sọ tiẹ̀. Ẹ má sọ ti aládùúgbò.

Bàbá Ràbíù:
Èmi rèé. Ọmọ ọdún 47 ni mí. Gáà-Akànbí ni mò ń gbé, inú yàrá mi ni mo sì ti bá ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kìíní 2023, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, Microsoft kéde pé òun máa dá èèyàn 10,000 dúró, Google ní 12,000 ni tòun. Mò ń kà á fún ìyàwó mi bí ìròyìn ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo kírun àsùbáà tán, mo ṣí kọ̀ǹpútà, pásíwọ́ọ̀dù mi ò ṣí nǹkan kan. Mo rò pé dátà ló tán, mo lọ ra òmíràn. Ó di aago mẹ́wàá kí n tó rí lẹ́tà wọn nínú ímeèlì tara mi: wọ́n dúpẹ́ fún iṣẹ́ takuntakun mi, ó dàbọ̀.

Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tó tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ kan nínú Ìlọrin níbí pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi ṣe, mo ṣe é yọrí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bi mí léèrè ò lè sọ gbólóhùn kan kó má fi "bàbá" sí i. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ju gbogbo wa lọ níbí. Tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe, ta ló máa sọ fún yín?" N ò rí èsì fọ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Títí di òní ni mò ń wá èsì yẹn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Sángo:
Háà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà.

Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà:
Ó pè yín ní bàbá tán, ó wá fi bàbá yẹn tì yín síta. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?

Àkọ́bí Òmù-Àràn:
Ẹ má bínú sí mi, mo máa sọ apá kejì. Ọmọ ọdún 29 ni mí, èèyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi. Mo gba ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ 50 ọdún. Ọjọ́ tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ kan fún oníbàárà ni mo rí àṣìṣe nínú ohun tí wọ́n ṣe. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo fi "ẹ má bínú sà" sí iwájú, mo tún fi sí ẹ̀yìn. Kí n tó fi ránṣẹ́, oníbàárà ti rí i. Àwọn kọ́ ló jẹ̀bi, èmi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń bẹ̀rù wà lóòótọ́.

Bàbá Ràbíù:
O ṣé, àbúrò, tí o sọ òótọ́. Nígbà tí o wá sọ fún wọn, kí ni wọ́n sọ?

Àkọ́bí Òmù-Àràn:
Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò ti sọ láti àárọ̀?"

Ìyá Ẹlẹ́kọ Sángo:
Ẹ wò ó! Ẹ wò ó bí!

Ọmọ Onílé Òfì:
Ìdí òfì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo rí ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ mẹ́ta tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tó fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Ọ̀gá ló ń pe ọmọ náà. Ọmọ náà ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ń kí i pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, bí okùn bá sì já, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú u, ẹ tún un hun." Ẹnikẹ́ni ò bínú. Ẹ má sọ pé àṣà wa ló ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ò fẹ́ san owó ẹni tó ti mọṣẹ́ ni.

Àgùnbánirọ̀ Àná:
Ẹ̀yin àgbà ń sunkún pé wọ́n tì yín síta, àwa ò tíì wọlé rí. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo wà. Mo kọ́ ìtúpalẹ̀ dátà nínú 3MTT, ètò tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 pé àwọn á fi kọ́ èèyàn mílíọ̀nù mẹ́ta. Mo parí, mo gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé bí èèyàn, ti jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, ẹ̀rọ ni ọ̀gá ń gbé e fún. Ìpolówó tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí n ní ìrírí ọdún márùn-ún, kí n má sì ju 26 lọ. Ọmọ ọdún mélòó ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà:
Òótọ́ ni. Ní 2019 pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń wá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà lókè òkun, dá dúró ní Nàìjíríà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà, èèyàn bíi 400. Wọ́n ní àwọn tó ti mọwọ́ iṣẹ́ ni oníbàárà ń béèrè.

Agbẹjọ́rò Fátẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé bí iṣẹ́ ò bá kárí mọ́, ẹni tó dé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n á tún wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí ẹni náà ṣe ṣeé gbọ́kàn lé tó.

Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà:
Irọ́ o. Níbi tèmi, ẹni tó ti pẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Agbẹjọ́rò Fátẹ̀:
N kò parọ́. Òfin yẹn kan náà ló yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kúrò lára àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ìwé àdéhùn yín ló kù tí ẹ máa gbé ara lé. Ní Amẹ́ríkà, láti 1967 ni òfin ti ń dáàbò bo ẹni tó bá ti pé 40, kí wọ́n má fi ọjọ́ orí dù ú níṣẹ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ tiwa ń kọ iye ọdún sínú ìpolówó ní gbangba, ó sì ń bí mi nínú gan-an.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé:
Mo pé 41 nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀. Náírà já ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là ni ilé-iṣẹ́ wa fi ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí a ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe dín wa kù nìyẹn. Ohun tó gbà mí ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní ẹni tí kò tíì pé 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lára ohun tó wà nínú àkántì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Mo san owó ilé ìwé àwọn ìbejì, mo fi ìyókù ra sóóláà. Àmọ́ ẹ yẹ àkántì yín wò nísinsìnyí tí ẹ ṣì níṣẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi yọ ìdá 8 tèmi lára owó oṣù mi tí wọn ò san án síbẹ̀, áḿbọ̀tórí ìdá 10 tó yẹ kí àwọn náà fi kún un. Omijé ni mo fi kà á.

Bàbá Ràbíù:
Kò sí irú rẹ̀ fún èmi. Alágbàṣe ni àwọn ará òkè òkun kọ mí sí.

Àkọ́bí Òmù-Àràn:
Bàbá Ràbíù, àyè kan máa ṣí lọ́dọ̀ wa lóṣù tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe sà, mo máa sọ fún yín láàárọ̀.

Bàbá Ràbíù:
Iṣẹ́ wo ni?

Ọmọ Ajíkòbi:
Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, oṣù karùn-ún rèé tí ẹ̀gbọ́n wa ti kúrò níbi iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé:
Ó ti tó. Kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn dúró dání.

Ọmọ Ajíkòbi:
Wọn ò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà rárá. Àwọn àti àbúrò mi ti kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì báyìí, wọ́n jọ ń tú àpò ìwé.